Físà ti tán, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ wà ní Birmingham: ọ̀nà wo ló kù?

Àbẹ̀kẹ́_Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ wà ní Birmingham, ó ní ILR, ìwé gbélùú ti Ìlú Ọba. Mo ti fi físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Físà náà tán nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo padà wálé. Wọ́n sọ fún mi ní káfé pé orúkọ mi ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kí n fọkàn sí ọdún mẹ́wàá. Ẹlòmíì ní kí n tún gba físà àbẹ̀wò, ká lọ so yìgì lọ́hùn-ún, kí n má padà wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́?

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, àbúrò. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ wo gan-an ni àyè tí wọ́n fún ọ tán? Ọjọ́ wo lo kúrò nílẹ̀ wọn? Owó ta ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé ọ padà?

Fún ẹ̀yin yòókù tó ń kà á, "físà ti tán" lè jẹ́ nǹkan mẹ́rin tí wọn ò bára tan.

Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ara sítíkà inú pásípọ́ọ̀tì ló ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹni náà ti kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Físà tí èèyàn lò tó sì padà lásìkò, ẹ̀rí rere ló jẹ́ fún un.

Ó lè jẹ́ sítíkà ọlọ́jọ́ 90 tí wọ́n máa ń fún ẹni tó gba físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tẹ́lẹ̀ kó lè fi wọlé. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá dá a dúró tí 90 ọjọ́ yẹn kọjá, àyè ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n fún un ṣì wà nílẹ̀. Sítíkà nìkan ló máa tọrọ òmíràn, tó sì máa sanwó rẹ̀. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo ètò láti orí nítorí pé wọn ò mọ èyí.

Ó lè jẹ́ káàdì BRP, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí àyè gbígbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì yìí ni wọ́n kọ 31 oṣù Kejìlá 2024 sí lára, bẹ́ẹ̀ àyè ẹni tó ni ín gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì ló kú, àyè ò kú. Kí ó ṣí àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI, iléeṣẹ́ físà Ìlú Ọba, kó wo eVisa, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyè rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tó bá rí níbẹ̀ ni kó gbà.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹni tó jókòó kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. Èyí ló ní wàhálà. Àwọn tó ní físà àbẹ̀wò ọlọ́dún méjì ni ó ń tètè mú, torí wọ́n rò pé wọ́n lè fi ọdún méjì jókòó. Oṣù 6 ni lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Jagun_Ìlíṣàn
Ẹ má da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Kó sọ pásípọ́ọ̀tì yẹn nù, kó lọ gba tuntun ní Abẹ́òkúta, kó fi orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ṣe é. Kí ni wọ́n máa rí?

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ má bínú, irú ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ń bí ọdún mẹ́wàá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti ojú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà físà àkọ́kọ́. Bí orúkọ bá yí, ìka ò ní yí. Fọ́ọ̀mù náà sì máa bi í nípa ìtàn ìrìn àjò rẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè yòówù kó jẹ́: ṣé wọ́n ti fi físà dù ú rí, ṣé ó ti jókòó kọjá ọjọ́ rí, ṣé wọ́n ti lé e rí. Ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ tàbí tó fi ayédèrú ìwé ránṣẹ́, ọdún 10 ni wọ́n lè fi tì í síta. Ẹni tó kọjá ọjọ́, tó fi owó ara rẹ̀ padà, tó sì jẹ́wọ́, tiẹ̀ ò tó ìdajì ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Òde
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ 24 ni mo fi kọjá. Owó ara mi ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò mú mi, lẹ́tà kankan ò sì wá bá mi.

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Ọkàn rẹ balẹ̀ díẹ̀. Ìṣirò wọn nìyí fún ẹni tó kọjá ọjọ́ láti 6 oṣù Kẹrin 2017 wá:

Tí kò bá ju ọjọ́ 30 lọ, tó sì fi owó ara rẹ̀ kúrò, wọn kì í ka ìyẹn sí ìdí láti tì í síta. Tó bá ju 30 lọ, tó sì fi owó ara rẹ̀ kúrò, oṣù 12. Tó bá jẹ́ ìjọba wọn ló san tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó sì gbà láti lọ láàárín oṣù 6 tí wọ́n sọ fún un, ọdún 2. Tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ kó tó gbà, ọdún 5. Ẹni tí wọ́n fi tipátipá gbé sínú ọkọ̀, ọdún 10.

Ìwọ wà lábẹ́ 30. Síbẹ̀, kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù náà bó ṣe rí: ọjọ́ tó tán, ọjọ́ tó o kúrò, ìdí rẹ̀ ní ìlà méjì. So ẹ̀rí tíkẹ́ẹ̀tì àti bébà tó o fi wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ ọn. Bí bébà náà bá ti sọnù, kọ íméèlì sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà pé kí wọ́n fún ọ ní ìwé ẹ̀rí pé o rìnrìn àjò lọ́jọ́ yẹn. Òǹtẹ̀ àbáwọlé Nàìjíríà inú pásípọ́ọ̀tì àtijọ́ náà wúlò, nítorí náà má sọ ọ́ nù, ohun yòówù kí ẹ̀gbọ́n Jagun wí.

Nípa físà àbẹ̀wò tí wọ́n ní kó o tún gbà: físà àbẹ̀wò lásán kò fàyè gba ìgbéyàwó níbẹ̀. Èyí tó fàyè gbà á lórúkọ tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Marriage Visitor, dandan sì ni kí ẹni tó gbà á padà sílé láàárín oṣù 6. Kò sẹ́ni tó lè ti orí físà àbẹ̀wò bọ́ sórí físà ọkọ-àti-ìyàwó láìkúrò nílẹ̀ náà, àyàfi nínú ọ̀ràn líle tó ṣọ̀wọ́n. Ìwọ tó o ti kọjá ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ tún wà lọ́hùn-ún, wọ́n máa kọ̀ ọ́ lórí pé o ò ní padà. Físà míì tí wọ́n kọ̀ nìyẹn máa fi kún ìtàn rẹ lásán.

Ọ̀nà méjì ló kù tó mọ́. Ẹ ṣe ìgbéyàwó níbí, kó o wá béèrè físà ìyàwó. Tàbí kó o béèrè físà àfẹ́sọ́nà, ẹ lọ ṣe é lọ́hùn-ún láàárín oṣù 6. Yàtọ̀ sí ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ń béèrè fún méjèèjì. Owó ni kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n yí iye ní oṣù Kẹrin 2025, físà ìyàwó láti òkèèrè jẹ́ £1,938, owó ìtọ́jú ìlera ọdún 3 sì jẹ́ £3,105, àpapọ̀ £5,043. Ní iye ọdún yẹn, àfẹ́sọ́nà máa san £1,938 kó tó kúrò nílé. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó máa san £1,321 míì níbẹ̀ pẹ̀lú £2,587.50 fún ìlera: £5,846.50. Kò sì lè ṣiṣẹ́ rárá títí wọ́n á fi gba ìbéèrè kejì yẹn. Ọdún 5 tó máa kà kó tó dé ILR, orí físà ìyàwó ló ti ń bẹ̀rẹ̀; oṣù tó fi jẹ́ àfẹ́sọ́nà ò wọ̀ ọ́. Wọ́n sábà máa ń yí iye wọ̀nyí ní oṣù Kẹrin, nítorí náà ẹ wo gov.uk lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó.

Tó bá jẹ́ tèmi, ìgbéyàwó nílé ni mo máa mú.

Màmá_Fọ́ọ̀mù_Ṣàgámù
Mo gba ti Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ibi ìgbéyàwó nílé yìí ni àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti ń gé ara wa lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ n là á.

Ẹbí máa ń ṣe ìdáná láìsí ọkọ níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí àga, àbúrò rẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀, aṣọ ẹbí ti yọ, gbogbo ayé ti jẹun. Lójú ẹbí, wọ́n ti fẹ́ra. Ẹ wá kó fọ́tò yẹn lọ fún wọn pé ìgbéyàwó nìyí. Òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé náà máa béèrè bí ìgbéyàwó ṣe wáyé nígbà tí òǹtẹ̀ pásípọ́ọ̀tì ọkọ fi hàn pé ó wà ní Birmingham lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ìdáná dúró di ìgbà tí ọkọ bá dé. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí ayẹyẹ ẹbí, kí ẹ má pè é ní ọjọ́ ìgbéyàwó nínú fọ́ọ̀mù.

Ìgbéyàwó kóòtù ló rọrùn jù láti fi hàn. Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ìkéde ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, bóyá ẹnì kan máa ta kò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fún yín ní ìwé àṣẹ. Láti ọjọ́ ìkéde, oṣù 3 lẹ ní. Bó bá kọjá, ẹ máa tún ìkéde ṣe. Ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ ti gbé àgbègbè ọ́fíìsì náà fún ó kéré tán ọjọ́ 15 kí wọ́n tó fún yín níwèé àṣẹ, ìwọ Àbẹ̀kẹ́ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti yanjú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ ò fi ní láti wá jókòó oṣù kan: ìwọ kọ́kọ́ fi ìkéde sílẹ̀, kí ó wọlé nígbà tí ọjọ́ 21 bá ń parí lọ, ẹ ṣe é láàárín aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, ó tún padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tẹ́ ẹ máa gbà ni Form E. Ìwé aláràbarà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń fún èèyàn, tí wọ́n fi góòlù yí etí rẹ̀ ká, kì í ṣe Form E. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, wọ́n máa ní ìwé Form E lọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n kí ọjọ́ tó pé. Níkáà mọ́sálásí jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin wa, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan máa ń mú ìbéèrè wá. Àwọn tó bá ṣe níkáà, ẹ tún gba ti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má jiyàn.

Tí ọ̀kan nínú yín bá ti ṣègbéyàwó kóòtù rí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó ti parí pátápátá ni wọ́n ń béèrè. Èyí tí àwọn ẹbí jókòó pín nílé, tí wọ́n dá owó orí padà, kò tú ìgbéyàwó kóòtù.

Àbẹ̀kẹ́_Òde
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé mi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tì. Bàbá wa yọ "Ògún" kúrò níwájú orúkọ ìdílé.

Màmá_Fọ́ọ̀mù_Ṣàgámù
Kò sí ilé tí irú rẹ̀ kò sí nínú Ìjẹ̀bú, tí Ògún ti di Olú tàbí tí wọ́n gé e kúrò pátápátá. Búra ní kóòtù gíga, Ìjẹ̀bú-Òde ní, Ṣàgámù náà ní. Polówó ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn, kó o tọ́jú odindi ojú ìwé náà, kì í ṣe ibi tó o gé nìkan. Lẹ́yìn náà, rí i pé NIN bá pásípọ́ọ̀tì mu. Má ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú orúkọ kan kó o wá fi òmíràn béèrè físà. Ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ọ́fíìsì NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, ni kó o ti gbà á. Tí wọ́n bá bí ọ ṣáájú 1992, ìwé ìjẹ́rìísí ni wọ́n máa fún ọ dípò sátífíkéètì ìbí, ìyẹn náà tó.

Àbẹ̀kẹ́_Òde
Owó oṣù ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ńkọ́? £26,400 ni lọ́dún. Mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkè, ó ń pa owó. Mo tún ní owó nínú àjọ.

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Ibí ni wọ́n ti ń fi físà du ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà jẹ́ ká fara balẹ̀.

Láti 11 oṣù Kẹrin 2024, ẹni tó ń pe ọkọ tàbí aya wá gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Iye yẹn kì í pọ̀ sí i nítorí ọmọ mọ́. Owó tí ìwọ ń pa ní Ìjẹ̀bú-Òde kò wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tirẹ̀, torí iṣẹ́ yẹn ò ní bá ọ dé Birmingham. Owó tí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá ń fún un lóṣooṣù náà kò wọ̀ ọ́.

Àlàfo £2,600 lẹ ní. Owó ìfipamọ́ lè dí i, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ le: ìlọ́po 2.5 àlàfo náà, kí a fi £16,000 kún un. 2,600 nígbà 2.5 jẹ́ £6,500; fi £16,000 kún un, ó di £22,500. Ẹni tí kò ní owó oṣù rárá, £88,500 ni. Owó náà lè wà lórúkọ rẹ, lórúkọ rẹ̀, tàbí lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì, náírà tàbí pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún oṣù 6 láìdín ní iye yẹn, kó sì jẹ́ pé ẹ lè fà á nígbàkúùgbà. Owó tí ẹnì kan fi ta yín lọ́rẹ gbà, bó bá ti pé oṣù 6 lọ́wọ́ yín. Náírà, wọ́n máa fi iye tó wà lórí OANDA, ìkànnì pàṣípààrọ̀ owó, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ béèrè ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn. Bí náírà bá já bọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ máa ṣaláìtó. Nítorí náà ẹ fi àlékún sí i.

Àjọ ò sí nínú ìṣirò wọn. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ tàbí lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbà á kó o fi sí báńkì, láti ọjọ́ tó wọ báńkì ni oṣù 6 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ yàtọ̀: bí ẹ bá ta ilẹ̀ tó ti jẹ́ tiyín fún oṣù 6, wọ́n lè gba owó rẹ̀ láìtíì pé oṣù 6 ní báńkì. Ohun tó ń bà á jẹ́ níbí ni pé ìwé ilẹ̀ tó jẹ́ ríṣíìtì ẹbí nìkan, tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, kì í tó wọn láti gbà pé ìwọ lo ni ín.

Ìwé owó oṣù tirẹ̀: tó bá ti ju oṣù 6 lọ lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ìwé owó oṣù 6, sítétíméǹtì báńkì oṣù 6 kan náà, àti lẹ́tà agbanisíṣẹ́ tó sọ iye owó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti irú iṣẹ́ náà. Tí kò bá tíì pé oṣù 6, ti oṣù 12 ni wọ́n máa wò. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sanwó físà. Iye tó wọ báńkì gbọ́dọ̀ bá iye ìsàlẹ̀ ìwé owó oṣù mu títí dé pẹ́ńsì. Bí wọ́n bá ń fún un lówó lọ́wọ́ fún iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Sátidé, gbàgbé ẹ̀, kò sí.

Ohun míì ni ILR rẹ̀. Bí ó bá ti kúrò nílẹ̀ UK ju ọdún 2 lọ láìpadà, ILR náà ti bọ́. Kó ṣí eVisa kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, pàápàá tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tì àtijọ́ ló ní.

Ọmọ_Òdógbolú
Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Ẹni tèmi wà ní Leeds. Físà ìwé kíkà ló gbé e lọ, ó ti tán láti bí oṣù kan ààbọ̀. Ó ní òun máa pè mí wá láti ibẹ̀. Ẹnì kan ní kí ó wá ọmọ ìlú fẹ́ fún ìwé ná, lẹ́yìn náà kó wá mú mi.

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Ẹni tí àyè tirẹ̀ ti tán kò lè pe ẹnikẹ́ni. Kó kọ́kọ́ wo nǹkan méjì: ṣé ọjọ́ ara BRP ló ń wò àbí ti eVisa? Ṣé ó ti fi ìbéèrè míì ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó tán? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òfin gbà pé àyè rẹ̀ àtijọ́ ń bá a lọ títí wọ́n á fi dáhùn, kò tíì kọjá ọjọ́ rárá. Àmọ́ bó bá jáde nílẹ̀ náà nígbà tí ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ wọn, àyè yẹn ti bọ́.

Bí kò bá ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ ni wọ́n lè fojú fò dá fún ẹni tó ní ìdí gidi tó ju agbára rẹ̀ lọ, bíi kó wà nílé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìyẹn ti kọjá lórí tirẹ̀. Ọjọ́ 30 náà ti lọ. Tó bá fi owó ara rẹ̀ padà báyìí, oṣù 12 ló máa jókòó dúró. Bó bá jẹ́ kí ìjọba san án, ó di ọdún 2. Gbogbo oṣù tó bá fi kún un níbẹ̀ kò fún un ní nǹkan kan: agbanisíṣẹ́ tó bá gba ẹni tí kò ní àyè lè san owó ìtanràn tó £45,000 lórí ẹni kan, fún ìdí yìí kò sí iṣẹ́ gidi tó máa rí, onílé náà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀nà tó kù ni pé kó padà wálé, kó wá iṣẹ́ tó lè fún un ní Skilled Worker, físà iṣẹ́, lẹ́yìn ìgbà náà. £41,700 ni owó iṣẹ́ ọdún kan tó kéré jù, ní gbogboogbòò, fún ìyẹn láti 22 oṣù Keje 2025. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí gbogbo ènìyàn ń lé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Fífẹ́ ọmọ ìlú fún ìwé, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ẹni tí àyè rẹ̀ ti tán, tó lọ fi ìkéde ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ wọn, ọ́fíìsì náà máa ta Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ìwọ̀lú, lólobó. Wọ́n lè fa ọjọ́ 28 ìkéde náà gùn dé 70 kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Ìwọ nìyàwó tó kù nílé, wà á wá jẹ́ ìyàwó ọkọ ẹlòmíì. Má jẹ́ kí wọ́n fi irú ètò yẹn dá ọ dúró ní Òdógbolú.

Ọmọ_Òdógbolú
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé.

Ọmọ_Ìpẹru
Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ńkọ́? Àbúrò mi fi físà àbẹ̀wò wọlé, ó ti kọjá ọjọ́. Ẹni tó fẹ́ ẹ ní gíríìnkáàdì.

Lọ́yà_Ìkẹ́nnẹ́
Òfin tiwọn yàtọ̀ sí ti Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ara físà kọ́ ni wọ́n ń wò, I-94 ni, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n fún un láti kúrò. Ó lè rí i lórí ìkànnì CBP, àwọn aṣọ́bodè wọn. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ I-94 ju ọjọ́ 180 lọ tí kò tó ọdún kan, tó wá jáde, ọdún 3 ni wọ́n máa tì í síta. Ọdún kan sókè, ọdún 10. Ẹ ṣàkíyèsí pé jíjáde ló ń mú ìyà náà wá. Ìdí nìyí tí "padà wálé kíákíá" tó dára fún ẹni Leeds fi lè jẹ́ ìparun fún ẹni Amẹ́ríkà.

Ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó fẹ́ ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè lè fi fọ́ọ̀mù I-130 (ti onígbọ̀wọ́) àti I-485 (ti gíríìnkáàdì) ránṣẹ́ pa pọ̀, kí ẹni náà gba gíríìnkáàdì láìjáde, bó tilẹ̀ ti kọjá ọjọ́. Kò gbọ́dọ̀ jáde láìgba àṣẹ ìrìn àjò kí wọ́n tó parí rẹ̀. Oní-gíríìnkáàdì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó tó ti kọjá ọjọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí ọkọ náà di ọmọ onílẹ̀ ná, lẹ́yìn ọdún 5 lórí gíríìnkáàdì. Ìgbéyàwó fọ́tò-lórí-àga tí Màmá sọ, òfin Amẹ́ríkà kò kà á sí ìgbéyàwó àyàfi tí tọkọtaya bá ti wà pọ̀ bí ọkọ àti aya lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèrò láti ibí, ẹ rántí pé ìkéde Ààrẹ Amẹ́ríkà ti 16 oṣù Kejìlá 2025 fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù láti 1 oṣù Kìíní 2026: ti àbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́, àti ti àwọn tó ń lọ gbé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé dúró.

Kánádà ló rọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí àyè rẹ̀ tán ní ọjọ́ 90 láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà fún un. Ọkọ tàbí aya tó ní ìwé gbélùú níbẹ̀ sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè rẹ̀ ti tán, tí wọ́n bá jọ ń gbé. Wọn ò gbé iye owó oṣù kan pàtó kalẹ̀ bíi ti UK.

Jagun_Ìlíṣàn
Ó dáa, mo gba ti orúkọ àti ìka. Ajẹ́ntì kan máa ń sọ pé òun ní ẹni nínú ẹ́ḿbásì, pé òun lè pa ìtàn rẹ́. Ṣé irọ́ náà nìyẹn?

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
Irọ́ ni, Bàbá. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú ní UK ní olùṣọ́ tirẹ̀, Immigration Advice Authority, OISC ni wọ́n ń pè é títí di oṣù Kìíní 2025. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́yà tiwọn náà ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí ọkọ Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ fún lówó lọ́hùn-ún, kó kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Níbí, ẹni tó kàn ń ba yín tẹ fọ́ọ̀mù, kó tẹ̀ ẹ́ lójú yín, ẹ ka ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Íméèlì tẹ ẹ lò gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti káfé.

Àbẹ̀kẹ́_Òde
Ẹ̀rí pé a fẹ́ra wa, ṣé kí n tẹ gbogbo WhatsApp wa jáde? Ó pọ̀ o. Àti àyẹ̀wò TB, ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń béèrè fún físà, ṣé kí n lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí?

Màmá_Fọ́ọ̀mù_Ṣàgámù
Má tẹ gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn ò ní ka ojú ewé 600. Ojú ewé méjì-mẹ́ta lóṣù kan, láti ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ títí di báyìí, tí ọjọ́ hàn lókè rẹ̀, kó má fo oṣù kankan. Fi àkọsílẹ̀ ìpè, owó tó ń fi ránṣẹ́, àti tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà tó wá mọ́ ọn. Dandan ni kí ẹ ti fojú kojú rí. Fọ́tò tí ẹ̀yin méjèèjì wà pẹ̀lú ẹbí dára ju ti ẹ̀yin méjì nìkan lọ: bí ó bá wá sí Ojúde Ọba tẹ́ ẹ jọ wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, mú ìyẹn, kó o kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé_Rẹ́mọ
TB kẹ́yìn. Oṣù 6 péré ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, owó báńkì yín ló sì máa pẹ́ jù. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kó o kọ́kọ́ mú, ipele A1, ọdún 2 ni tirẹ̀ fi ń wà. Kí ó jẹ́ èyí tí Home Office fọwọ́ sí, bí IELTS Life Skills. IELTS tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì lásán lè máà wọ̀ ọ́. Tó o bá ní dìgírì láti Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun tàbí Ìlíṣàn, o lè fi í rọ́pò ìdánwò, ṣùgbọ́n Ecctis, iléeṣẹ́ wọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ó dọ́gba pẹ̀lú dìgírì tiwọn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Sátífíkéètì NCE nìkan ò tó fún èyí.

Lẹ́yìn ìdánwò, ìkéde ìgbéyàwó, ìgbéyàwó, kí owó tó pé oṣù 6 ní báńkì. Nígbà tó bá ku bí oṣù kan, lọ ṣe TB lọ́dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aṣíkiri, ní Ìkẹjà. Ìwé dókítà tí kì í ṣe ti IOM kò wúlò, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù.

Màmá_Fọ́ọ̀mù_Ṣàgámù
Bí o bá lóyún, sọ fún wọn kí wọ́n tó ya àwòrán àyà. Tí wọ́n bá rí ohun tí kò yé wọn nínú àwòrán náà, itọ́ ni wọ́n máa gbà lọ gbìn, èsì rẹ̀ lè tó oṣù 2. Nítorí náà má ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan kí ìwé yẹn tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ọkọ rẹ náà má sì kọ ìsinmi ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́ ọn.